Ẹ̀rọ Titun àti Àwọn Òṣìṣẹ́ Inú Ṣọ́ọ̀bù Aránṣọ

Ẹ̀yin ọ̀gá oníṣẹ́-ọwọ́, ẹ̀yin ìyá àti bàbá tí ẹ fi ọmọ sí ẹnu iṣẹ́, àti gbogbo ẹ̀yin tí ẹ ń fẹ́ kí iṣẹ́ gbèrú ní ilẹ̀ wa, ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ bá yín sọ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ jíjinlẹ̀, ṣùgbọ́n ó ti tú ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù ká nítorí pé a kò fi ara balẹ̀ rò ó. Ọ̀rọ̀ náà nìyí: nígbà tí ọ̀gá bá ra ẹ̀rọ titun wá sí ibi iṣẹ́ rẹ̀, ọ̀nà wo ni yóò gbà fi í lé àwọn tí ń bá a ṣiṣẹ́ lọ́wọ́, tí yóò fi di ìrànlọ́wọ́ fún wọn, tí kì yóò sì di ohun ìjà láàrin wọn?

A lè fi iṣẹ́ ìtẹ̀wé tàbí iṣẹ́ káfíńtà ṣe àpẹẹrẹ, ṣùgbọ́n iṣẹ́ aránṣọ ni a yàn, nítorí kò sí àdúgbò kan ní ìlú wa tí kò ní ṣọ́ọ̀bù télọ̀. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ṣọ́ọ̀bù wọ̀nyí kò tóbi: ọ̀gá kan, òṣìṣẹ́ kan tàbí méjì tí a ń san owó fún, àti àwọn ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ díẹ̀. Inú irú ṣọ́ọ̀bù bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀rọ ìránṣọ oníná, irú èyí tí a ń lò ní ilé iṣẹ́ ńláńlá, ti ń wọlé wá báyìí láti gba ipò ẹ̀rọ ẹlẹ́sẹ̀ tí a ti mọ̀ tipẹ́.

Kí a tó lọ jìnnà, ẹ jẹ́ kí a sọ èrò wa ní gbangba. Owó ni a fi ń ra ẹ̀rọ, ṣùgbọ́n owó nìkan kò lè mú un wọ inú ṣọ́ọ̀bù. Ọjọ́ tí òṣìṣẹ́ bá mọ̀ ọ́n lò, tí ọkàn rẹ̀ sì balẹ̀ pé a kò rà á láti fi gba oúnjẹ lẹ́nu òun, ọjọ́ náà gan-an ni ẹ̀rọ wọlé.

Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní àtijọ́

Ní ilẹ̀ Faransé, aránṣọ kan wà tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Barthélemy Thimonnier. Ní ọdún 1830, ó gba ìwé àṣẹ fún ẹ̀rọ ìránṣọ kan tí ó jẹ́ pé igi ni a fi ṣe apá púpọ̀ nínú rẹ̀. Kò pẹ́ rárá tí a fi to 80 irú ẹ̀rọ náà sí ilé iṣẹ́ kan ní ìlú Paris, tí a sì ń fi wọ́n rán aṣọ àwọn ọmọ ogun. Àwọn télọ̀ ìlú náà, tí wọ́n ń fi ọwọ́ ránṣọ, gbọ́ ọ. Ní ọdún 1831 wọ́n kó ara wọn jọ, wọ́n ya wọ ilé iṣẹ́ náà, wọ́n sì fọ́ àwọn ẹ̀rọ náà túútúú. Thimonnier sá àsálà. Bí ó tilẹ̀ ń bá iṣẹ́ ẹ̀rọ náà lọ fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn èyí, òtòṣì ni ó kú sí ní ọdún 1857.

Irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ ṣáájú ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní agbègbè Nottingham, níbi tí àwọn tí ń hun ìbọ̀sẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ ẹ̀rọ ìhunṣọ ní ọdún 1811. Ìjọba bínú débi pé ní ọdún 1812 a ṣe òfin pé kí a pa ẹni tí ó bá fọ́ irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀, bí a bá fi etí sí ẹjọ́ tí àwọn ènìyàn náà ń rò, a ó rí i pé ọ̀pọ̀ nínú wọn ti ń lo ẹ̀rọ láti ìgbà èwe wọn, wọn kò sì bá irin jà. Ohun tí ó dùn wọ́n ni pé àwọn ọ̀gá ń gé owó iṣẹ́ wọn kù, wọ́n ń ṣe ọjà tí kò dára, wọ́n sì ń gba àwọn tí kò tíì kọ́ṣẹ́ dé ojú àmì sí ipò àwọn tí ó ti kọ́ ọ tán.

Ẹ wá wo ìlú Amẹ́ríkà. Ní ọdún 1851 ni Isaac Singer gba ìwé àṣẹ fún ẹ̀rọ ìránṣọ tirẹ̀. Ẹ̀rọ náà wọ́n púpọ̀ fún ìdílé tálákà, ọ̀pọ̀ ènìyàn kò sì gbàgbọ́ pé wọ́n lè mọ̀ ọ́n lò. Kí ni ilé iṣẹ́ Singer ṣe? Wọ́n ṣí ilé ìtajà tí ó dára, wọ́n fi àwọn obìnrin jókòó sí ìdí ẹ̀rọ níbẹ̀ láti máa ránṣọ lójú gbogbo ènìyàn, kí wọ́n sì máa kọ́ àwọn oníbàárà. Ní ọdún 1856 ẹ̀wẹ̀, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gba owó ẹ̀rọ díẹ̀díẹ̀, pé kí ènìyàn san díẹ̀ lákọ̀ọ́kọ́, kí ó gbé ẹ̀rọ lọ sílé, kí ó sì máa san ìyókù lóṣooṣù. Báyìí ni orúkọ Singer fi tàn ká ayé, títí ó fi dé ọ̀dọ̀ àwọn ìyá wa àgbà.

A kò sọ pé ẹ̀kọ́ nìkan ni ó mú kí ti ìkejì yọrí. Ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ kan hàn gbangba. Ní Paris, ọjọ́ tí àwọn télọ̀ rí ẹ̀rọ náà, iṣẹ́ wọn ni wọ́n rí tí ń lọ. Ní Amẹ́ríkà, a pe ènìyàn jókòó sí ìdí rẹ̀, a sì fi hàn án bí yóò ti jẹ èrè níbẹ̀.

Irú ẹ̀rọ tí ó dé sọ́dọ̀ wa yìí

Kí ọ̀gá tó lè kọ́ ẹlòmíràn, òun fúnra rẹ̀ ní láti mọ ohun tí ó rà. Ẹ̀rọ oníná ti ilé iṣẹ́ àti ẹ̀rọ ẹlẹ́sẹ̀ kò yàtọ̀ ní iná nìkan. Ẹni tí ó bá rò pé ohun kan náà ni wọ́n, yóò fi aṣọ oníbàárà kọ́ ọgbọ́n.

Ìyàtọ̀ àkọ́kọ́ ni eré sísá. Lórí ẹ̀rọ ẹlẹ́sẹ̀, abẹ́rẹ́ kò sábà gun aṣọ ju ìgbà 1,000 lọ ní ìṣẹ́jú kan, ẹsẹ̀ télọ̀ ni ó sì ń fún un ní agbára. Ẹ̀rọ ilé iṣẹ́ lè gun aṣọ tó ìgbà 5,000 ní ìṣẹ́jú kan, fífi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ díẹ̀ sì ti tó láti mú un bẹ́. Ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti mọ́ wíwa ẹ̀rọ ẹlẹ́sẹ̀ láti ọdún mẹ́wàá yóò fi gbogbo àtẹ́lẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, aṣọ yóò sì ti kọjá lọ kí ó tó mọ̀. Níbẹ̀ ni ìka ti ń bá abẹ́rẹ́ pàdé.

Ìyàtọ̀ kejì ni abẹ́rẹ́. Abẹ́rẹ́ ẹ̀rọ ilé ní ìhà kan tí ó tẹ́jú ní orí rẹ̀, ìyẹn ni kò fi rọrùn láti kì í bọ ibi tí kò tọ́. Orí abẹ́rẹ́ ilé iṣẹ́ rí roboto yíká, ó lè wọ ihò rẹ̀ ní ọ̀nàkọ́nà. Ojú ìlà gígùn kan wà lára abẹ́rẹ́ náà, èyí tí òwú ń gbà kọjá; ìlà yìí gbọ́dọ̀ kọjú sí ọwọ́ òsì ẹni tí ó jókòó sí ìdí ẹ̀rọ. Bí ó bá yà díẹ̀, òwú yóò máa já, ẹ̀rọ yóò sì máa fo ojú rírán, a ó sì máa bú ẹni tí ó tà á fún wa lásán.

Ìyàtọ̀ kẹta ni epo. A ti mọ́ wa lára láti kán epo sí ihò díẹ̀díẹ̀ lórí ẹ̀rọ ẹlẹ́sẹ̀. Ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ ilé iṣẹ́ ní àwo epo ní abẹ́ rẹ̀, tí a ti fa ìlà sí láti fi hàn ibi tí epo kò gbọdọ̀ lọ sílẹ̀ jù àti ibi tí kò gbọdọ̀ kún jù. Láti inú àwo yìí ni ẹ̀rọ ti ń fa epo sí ara rẹ̀, ojú fèrèsé kékeré kan sì wà lókè tí a fi lè rí i bí epo ti ń ta. Ẹni tí ó bá tan ẹ̀rọ titun láìbu epo sí àwo, ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í pa á ní ọjọ́ àkọ́kọ́. Ìwé tí ó bá ẹ̀rọ wá sábà máa ń kìlọ̀ pẹ̀lú pé kí a má ṣe jẹ́ kí ó sáré dé òpin agbára rẹ̀ ní oṣù kìíní.

Ìyàtọ̀ kẹrin ni mọ́tọ̀ tí ń yí ẹ̀rọ, oríṣi méjì ni ó sì wọ́pọ̀. Oríṣi àtijọ́ tí a ń pè ní clutch, láti ìgbà tí a bá ti tan iná ni ó ti ń yí, ì báà jẹ́ pé télọ̀ ń ránṣọ, ì báà jẹ́ pé ó ń bá oníbàárà sọ̀rọ̀. Oríṣi titun tí a ń pè ní servo kì í yí àfi nígbà tí a bá fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́, a sì lè dín eré rẹ̀ kù láti ara mọ́tọ̀ náà. Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré fún ẹni tí ń fi jẹnẹrétọ̀ ṣiṣẹ́. Láti ìgbà tí ìjọba ti kéde ní ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún ọdún 2023 pé owó ìrànwọ́ lórí epo bẹntiróò ti dópin, tí owó jálá epo kan fi fò láti ìsàlẹ̀ 200 náírà dé nǹkan bí 500 náírà láàrin ọjọ́ díẹ̀, kò sí ṣọ́ọ̀bù kékeré tí ó lè máa sun epo lásán. Fún ẹni tí yóò bẹ̀rẹ̀ lónìí, servo ni ó sàn. Ó sàn fún àpò ọ̀gá, eré rẹ̀ tí a lè dín kù sì sàn fún ìka akẹ́kọ̀ọ́.

Ṣọ́ọ̀bù kan tí a mọ̀

Àwa fúnra wa mọ ṣọ́ọ̀bù kan tí a kì yóò dárúkọ. Ọ̀gá ibẹ̀ ra ẹ̀rọ oníná kan. Òṣìṣẹ́ àgbà kan wà lọ́dọ̀ rẹ̀ tí ó ti bá a ṣiṣẹ́ fún ọdún 11, ẹni tí ó mọ agbádá rán dé ibi tí oníbàárà fi ń béèrè rẹ̀ ní orúkọ. Ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ kan sì wà tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ilé ìwé. Ọ̀gá gbé ẹ̀rọ náà kalẹ̀ ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé, ó sì wí fún ọ̀dọ́mọkùnrin náà pé, “Ìwọ tí o kàwé, ìwọ ni kí o máa lo èyí.” Kò sọ nǹkan kan fún àgbà. Àgbà náà kò sì sọ nǹkan kan. Ó padà sí ìdí ẹ̀rọ ẹlẹ́sẹ̀ rẹ̀.

Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, ẹ̀rọ ti jẹ léèsì oníbàárà kan, abẹ́rẹ́ sì ti gun èékánná ọmọ náà. Òwú ń já lójoojúmọ́. A pe oníṣẹ́ ẹ̀rọ lẹ́ẹ̀kínní, a pè é lẹ́ẹ̀kejì, a san owó fún un, òwú ṣì ń já. Nígbà tí ó yá, wọ́n fi aṣọ bo ẹ̀rọ náà mọ́ ìgun ilé. Ní ọjọ́ kan tí ọ̀gá ń ráhùn, àgbà náà wí pé, “Ọ̀gá, abẹ́rẹ́ ni kò kọjú síbi tí ó yẹ. Láti ọjọ́ kejì ni mo ti rí i.” Ọ̀gá béèrè ìdí tí kò fi sọ. Ó dáhùn pé, “Ẹ kò bi mí, ẹ kò sì fi ẹ̀rọ náà hàn mí. Mo rò pé èmi ni ẹ rà á láti fi lé lọ.”

Ìdáhùn yìí ni ó mú kí a kọ ìwé yìí. Ẹ̀rọ náà kò ní àrùn. Ìmọ̀ tí yóò tún un ṣe wà nínú ṣọ́ọ̀bù náà láti ọjọ́ kejì, ìbẹ̀rù ni ó dí i lẹ́nu. Ọ̀gá náà kò bínú. Ó bẹ òṣìṣẹ́ rẹ̀, ó sì tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ohun tí ó ṣe lẹ́yìn náà, pẹ̀lú ohun tí a ti rí ní ibòmíràn, ni a fẹ́ tò lẹ́sẹẹsẹ nísinsìnyí.

Bí ó ti yẹ kí a ṣe é

Èkínní: kí a sọ̀rọ̀ kí ẹ̀rọ tó dé. Kí ọ̀gá pe àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ jọ, kí ó sọ ìdí tí ó fi fẹ́ rà á, iye tí yóò ná an, àti iṣẹ́ tí ó fẹ́ kí ó ṣe. Kí ó bi wọ́n léèrè ohun tí ń dá wọn dúró jù nínú iṣẹ́. Ó lè jẹ́ pé ẹ̀rọ tí ń ká etí aṣọ ni wọ́n ṣe aláìní, kì í ṣe èyí tí ọ̀gá ní lọ́kàn.

Èkejì: kí a kọ́ àgbà ṣáájú, tàbí kí a kọ́ àgbà àti ọmọdé pọ̀. Àwọn baba wa wí pé ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Ọmọdé lè ka ìwé tí ó bá ẹ̀rọ wá, ẹsẹ̀ rẹ̀ a sì tètè mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n àgbà ni ó mọ bí léèsì ti ń sá, bí aṣọ òkè ti ń le lábẹ́ abẹ́rẹ́, àti bí a ti ń gbọ́ ìró ẹ̀rọ tí ara rẹ̀ kò dá. Bí a bá fi àwọn méjèèjì jókòó papọ̀, ẹnìkan ń kà, èkejì ń wò, kò sí ẹni tí ojú yóò tì.

Ẹ̀kẹta: kí a má ṣe fi aṣọ oníbàárà kọ́ṣẹ́. Kí a dín eré mọ́tọ̀ kù dé ìwọ̀n tí ó kéré jù lọ. Ní ọjọ́ àkọ́kọ́, kí a má tilẹ̀ fi òwú sí i. Kí akẹ́kọ̀ọ́ mú bébà tí a ti fa ìlà sí, kí ó máa fi abẹ́rẹ́ lásán tẹ̀ lé ìlà náà, kí ó sì máa dúró ní ibi tí a bá sọ pé kí ó dúró. Lẹ́yìn èyí ni kí a fún un ní àgékù ànkàrá, kí ó rán ìlà tí ó gún, lẹ́yìn náà ìlà tí ó tẹ̀, lẹ́yìn náà igun. Kí a kọ́ ọ láti máa fi orúnkún gbé ẹsẹ̀ tí ń tẹ aṣọ mọ́lẹ̀ sókè, nítorí bí a ti ṣe ẹ̀rọ náà nìyẹn kí ọwọ́ méjèèjì lè wà lára aṣọ. Ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì báyìí kò pọ̀ jù. Aṣọ kan ṣoṣo tí a bá bà jẹ́ lè gba owó ju gbogbo àgékù náà lọ.

Ẹ̀kẹrin: kí a fi àṣà kan lélẹ̀ fún ìtọ́jú. Kí a pa iná kí a tó fi òwú bọ abẹ́rẹ́ tàbí kí a tó pààrọ̀ rẹ̀. Kí a máa wo epo ní òwúrọ̀, kí a máa gbọn ìdọ̀tí òwú kúrò ní abẹ́ ẹ̀rọ ní ìrọ̀lẹ́. Kí orúkọ ẹnìkan wà tí ń ṣe èyí ní ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan, nítorí iṣẹ́ gbogbo ènìyàn ni kì í ní olùṣe.

Ẹ̀karùn-ún: kí a má ṣe tètè ta ẹ̀rọ ẹlẹ́sẹ̀. Ọjọ́ tí iná bá lọ tí epo kò sì sí, òun ni yóò gba ṣọ́ọ̀bù là. Ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ titun pẹ̀lú yóò kọ́ sùúrù lórí rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ owó

Ẹ̀kẹfà ni ó le jù, òun ni ọ̀pọ̀ ọ̀gá kì í sì í fẹ́ sọ. Ní ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù, iye aṣọ tí òṣìṣẹ́ bá rán ni a fi ń san owó fún un. Ká sọ pé òṣìṣẹ́ kan ń gba 1,000 náírà lórí ṣòkòtò kan, tí ó sì ń rán 3 lójúmọ́. 3,000 náírà ni owó rẹ̀. Ẹ̀rọ titun dé, ó wá ń rán 5. Kò lè jẹ́ 15 bí eré abẹ́rẹ́ tilẹ̀ di ìlọ́po márùn-ún, nítorí gígé, lílọ̀ àti fífi bọ́tìnnì sí i ṣì ń gba àkókò bí ti àtijọ́. Bí ọ̀gá bá sọ pé, “Ẹ̀rọ ti mú iṣẹ́ rọrùn, 600 náírà ni n ó máa san báyìí,” òṣìṣẹ́ náà yóò rán 5, yóò sì tún gba 3,000 náírà kan náà. Ó ti rán ṣòkòtò 2 sí i ní ọ̀fẹ́. Ta ni yóò fẹ́ràn irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀?

Ṣùgbọ́n bí ọ̀gá bá sọ pé 800 náírà ni, kí 200 náírà tí ó kù lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan máa lọ sí owó ẹ̀rọ àti epo, òṣìṣẹ́ yóò gba 4,000 náírà lójúmọ́, 1,000 náírà yóò sì wọ àpò ẹ̀rọ. Ọ̀gá pẹ̀lú yóò jẹ èrè lórí ṣòkòtò 2 tí ó lé sí i. Àpẹẹrẹ lásán ni iye owó wọ̀nyí. Kí olúkúlùkù fi ti ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ sí i. Ohun tí a ń wí ni pé kí ọ̀gá ṣe ìṣirò náà lójú àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀, kí wọ́n lè rí ibi tí owó ń gbà lọ. Ohun tí àwọn ará Nottingham ń béèrè ní ọdún 1811 nìyẹn.

Àwọn kan yóò wí pé, “Bí mo bá kọ́ wọn tán, wọn yóò lọ dá ṣọ́ọ̀bù tiwọn sílẹ̀.” Òtítọ́ ni. Ṣé kì í ṣe nítorí náà ni a ṣe ń gba ọmọ sí ẹnu iṣẹ́, tí a fi ń ṣe àdúrà ìyọ̀ǹda fún un ní ọjọ́ tí ó bá parí? Ọmọ tí a kò kọ́ dáadáa yóò lọ pẹ̀lú, ṣùgbọ́n kí ó tó lọ, yóò ti ba aṣọ jẹ́ ní orúkọ wa. Èyí tí a kọ́ yanjú, níbikíbi tí ó bá dé, a ó máa béèrè pé, “Ta ni ọ̀gá rẹ?”

Ẹ̀yin ọ̀gá, a mọ̀ pé pẹ̀lú ìnira ni ọ̀pọ̀ yín fi ń kó owó ẹ̀rọ jọ, nínú ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, nínú èsúsú, tàbí nípa títa ohun ìní. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ohun tí ẹ fi òógùn rà wà lábẹ́ aṣọ ní ìgun ilé. Ní ṣọ́ọ̀bù tí a sọ ìtàn rẹ̀, àgbà náà ṣì wà níbẹ̀. Òun ni ó ń kọ́ àwọn ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ ní ẹ̀rọ oníná báyìí, ohun àkọ́kọ́ tí ó sì ń fi hàn wọ́n ni ojú ìlà tí ó wà lára abẹ́rẹ́.